Akúra kọ́ ló yẹ ká máa pe ẹni tẹ́rù ń bà

Ẹ̀yin ará, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ yìí, pé kí la máa pè é lédè wa tí ọkùnrin bá wà lọ́dọ̀ olólùfẹ́ ẹ̀, tó wù ú, tó sì fẹ́, àmọ́ tí okó ẹ̀ ò dìde, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn ní kí la tún ń wá kiri, ṣèbí akúra ti wà ńlẹ̀ látayébáyé. Àǹtí ní "àìlágbára ọkùnrin" ló mọ́ létí jù. Ẹ má bínú o, méjèèjì ò ṣe é lò níbí.

Akúra kì í ṣe orúkọ nǹkan tó ń ṣe èèyàn, orúkọ èèyàn fúnra ẹ̀ ni. Tíbà bá ń ṣe mí, ẹ ó ní ibà ń ṣe é, ó lè lọ lọ́la. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti lẹ́nì kan jẹ́ akúra, ó parí nìyẹn, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù kan ìṣó mọ́ ọn. Kódà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, "kú" lẹ máa gbọ́ nínú ẹ̀. Àwọn kan tún ń pe ọkùnrin tí ò lè bímọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ìyẹn: okó lè le dáadáa kí àtọ̀ má ní ohun tó ń dọmọ nínú, ẹlòmíì wà tí àtọ̀ tiẹ̀ ò lẹ́bi, tó jẹ́ pé kò kàn dìde ni. Ti òkóbó tẹ́nì kan mẹ́nu bà, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ló máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ti Àǹtí ńkọ́? Àwọn òyìnbó ti gbé e, wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn "impotence" látinú èdè Látìn, àìlágbára gan-an ló túmọ̀ sí, lọ́dún 1992 ìpàdé àwọn onímọ̀ tí NIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìlera, pè ní kí wọ́n fi "erectile dysfunction", tó ń tọ́ka sí ìdìde okó fúnra ẹ̀, rọ́pò ẹ̀, torí ti tẹ́lẹ̀ ń tàbùkù èèyàn, kò sì sọ pàtó ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣé àwa la wá fẹ́ lọ ṣà á?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Kí okó tó dìde, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ya wọ̀ ọ́, ìgbà tí ara balẹ̀ ló sì máa ń dẹ̀. Ìbẹ̀rù ń tú adrenaline, èròjà tí ara máa ń ṣe tí àyà bá já, sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń fún iṣan náà pọ̀, torí ìjà tàbí eré sísá lara ń múra fún. Ọkùnrin kan lè kùnà lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ tàbí ó mutí, nígbà míì tí wọ́n bá dé orí bẹ́ẹ̀dì ti ìjọ́sí ló ń rò, obìnrin ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ wà lára òun, ìsàlẹ̀ ló ń ṣọ́, ṣó ti ń dìde, ṣó ti ń rọ̀, bó sì ṣe ń ṣọ́ ọ ló ń rọ̀. Masters àti Johnson, àwọn méjì tó ṣèwádìí nípa ìbálòpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1970 pé ẹni tó bá wà nírú ipò yìí ti di òǹwòran níbi tó yẹ kó ti kópa. Mo bá ní ká pe ìyẹn ní ìwòran-ara-ẹni.

Àmọ́ kẹ́nì kan má lọ fi gbogbo ẹ̀ ti ọkàn o. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn míì, gbogbo wọn lè fà á, ó sì lè jẹ́ ara ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí ìbẹ̀rù tó wá gùn ún. Tó bá ṣì ń dìde dáadáa lójú oorun tàbí láàárọ̀, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ nìkan ni ò ti ṣeé ṣe, ìgbà yẹn ni ọkàn ló sábà máa ń jẹ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ "àìnífẹ̀ẹ́ ìbálòpọ̀" tí arákùnrin kan nínú yín dá lábàá. "Kò fẹ́" kọ́ ni "kò dìde", ibi tí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ gan-an nìfẹ́ ti ń bà jẹ́. Ọkùnrin ń tẹ fóònù títí obìnrin á fi sùn kí wọ́n má bàa bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, obìnrin ò kúkú tíì sùn, ó kọjú sógiri, ó ń rò ó pé kò fẹ́ mi mọ́, ó ti ní ẹlòmíì níta. Ọ̀rọ̀ tí ìfẹ́ bá wà nínú ẹ̀ á tún jẹ́rìí sí irọ́ tí obìnrin yẹn ń pa fún ara ẹ̀.

Àìdìde lèmi mú wá. "Àìdìde ń yọ mí lẹ́nu" ṣeé sọ jáde lẹ́nu bí àìsùn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé "akúra ń yọ mí lẹ́nu". Tó bá jẹ́ ọkàn ló fà á, àìdìde onífòyà. Ẹ lè ní ó dà bí ẹni tí ò lè dìde lórí ìjókòó, òótọ́ ni, ẹ fi "ọkùnrin" tì í tó bá ń dà yín láàmú. Ó ku ọ̀kan tí mi ò rí orúkọ fún, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti máa ń ní kí tọkọtaya fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n kàn máa fọwọ́ kan ara wọn, kẹ́nikẹ́ni má retí ìdìde. "Ìfọwọ́kàn-láìretí" ni mo kọ síwèé mi, àmọ́ ó gùn jù, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó gbé e wá.