Ìbọn ìléwọ́ .22 wo ló yẹ kí n rà kí owó ọta má baà pa mí lára?

Ọmọ Sùúrùlérè béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, mo sì ní gírín káàdì, ṣùgbọ́n mo wà nílé ní Sùúrùlérè báyìí fún ìsinmi. Mo ní Glock 19 kan lọ́hùn-ún tí ń lo ọta 9mm, ọ̀nà òfin ni mo sì gbà rà á. Owó ọta ló ń dá mi lágara. Bí mo bá lọ sí pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni páálí ọta máa ń tán, n ó wá dúró máa ṣírò bóyá kí n ra òmíràn tàbí kí n máa lọ sílé. Àwọn tí a jọ ń lọ ní kí n wá ìbọn ìléwọ́ tí ń lo ọta .22 Long Rifle, ọta kékeré tí kò wọ́n, kí n máa fi ṣe ìdánrawò.

Mẹ́ta ni mo ń wò: Ruger Mark IV, Taurus TX22 àti Glock 44. Ẹnìkan tún dárúkọ Ruger Wrangler, ó ní òun ló dínwó jù. Èwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n rí á ní kí n mú? Ṣé òótọ́ ni pé ọta .22 máa ń kọ̀ láti dún ju 9mm lọ? Mo sì tún fẹ́ mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìbọn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, bóyá ọ̀nà wà tí mo lè gbà gbé e wá sí Èkó kí n lè máa bá ìdánrawò lọ nígbà tí mo bá wà nílé.

Bàbá Yaba fèsì pé:

Àbúrò mi, káàbọ̀ sílé. Kí o tó dá owó lé ìbọn kankan, kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé Glock 19 tí o ní yẹn ni o fẹ́ mọ̀ lò dáadáa, èyí tí ó bá a jọ lọ́wọ́ ni kí o rà, Glock 44 sì ni ìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ló dé ọjà. Bákan náà ni òun àti Glock 19 ṣe tóbi tó, ibi tí ìka rẹ ti ń bá tírígà pàdé kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnì tí a fi ń yọ mágásíìnì (ibi tí a ń ki ọta sí) wà níbi tí àtàǹpàkò rẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá kọ́ lórí ọ̀kan ni yóò gbé lọ sórí èkejì láìjẹ́ pé o ń ronú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́ púpọ̀, tí mágásíìnì rẹ̀ kò sì gbà ju ọta 10 lọ. TX22, tí Taurus gbé jáde ní ọdún 2019, ń gba ọta 16, tírígà rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Glock 44 lọ. Ká ní o kò tíì ní ìbọn kankan ni, òun ni mi ò bá ní kí o mú.

Ti Mark IV yàtọ̀, n ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ .22 ni ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Ruger tà ní ọdún 1949, ìdílé ìbọn yẹn náà ni Mark IV ti wá, tí wọ́n fi ọdún 2016 gbé jáde. Nínú Glock, gbogbo irin òkè ló ń lọ sẹ́yìn tí ó sì ń padà bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá yin ín, àmì ìfojúsùn sì ń bá a rìn. Nínú Mark IV, ọ̀pá ìbọn dúró gbagidi, àmì ìfojúsùn kò kúrò níbi tí ó wà, irin kékeré kan nínú ikùn rẹ̀ nìkan ló ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ọta rẹ̀ fi máa ń bá ojú kan náà léraléra, tí ó sì jẹ́ pé bí ọta bá ṣáko, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ pé ìka rẹ ló já tírígà gbà. Títú àwọn ti àtijọ́ palẹ̀ láti nù wọ́n máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu gan-an, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́yìn ni a fi ń ṣí Mark IV. Bí o bá yan òun, mú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní 22/45, nítorí èkù ti Mark IV gan-an dagun ju ti ìbọn òde òní lọ.

Wrangler dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ní láti fi ọwọ́ fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó yin ọta kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni o sì máa ń ki ọta sínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jọ Glock nínú ìyẹn.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé .22 kì í tapá. Yóò kọ́ ọ ní ìfojúsùn àti bí a ti ń fa tírígà láìmi ọwọ́, kò lè kọ́ ọ ní bí a ti ń kó ìbọn 9mm níjàánu lẹ́yìn tí ó bá dún. Nítorí náà, máa mú àwọn méjèèjì lọ sí pápá. Yin .22 títí tí ara rẹ yóò fi balẹ̀, kí o wá fi ìwọ̀nba ọta 9mm kádìí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹjà, fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá lórí Glock 44. Ọ̀rọ̀ ọta ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí àwọn ọdún tí mo fi gbé Atlanta fi hàn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba ìjákulẹ̀.

Àárín ìdí ọta 9mm ni ohun tí ń ṣáná wà. Ti .22 wà nínú etí ìdí ọta yíká, abẹ́rẹ́ ìbọn yóò sì fún etí yẹn pọ̀ kí iná tó ràn mọ́ ẹ̀tù. Bí ohun ìṣáná náà kò bá dé gbogbo etí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tí abẹ́rẹ́ sì bọ́ sí ibi tí ó ṣófo, ọta kò ní dún. Òótọ́ ni pé èyí ń ṣẹlẹ̀ ju ti 9mm lọ, pàápàá nínú ọta olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó sínú páálí ńlá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, má ṣe yí ìbọn sí ibòmíràn. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí ó lè pẹ́ kí ó tó dún, lẹ́yìn náà ni kí o yọ ọta náà kúrò.

Ní ti owó, ọta .22 sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó 9mm, tàbí kó tilẹ̀ dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má ṣe ra páálí ńlá lẹ́ẹ̀kan náà o. Ra kékeré kékeré láti oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o wo èyí tí ìbọn rẹ gbà, nítorí ìbọn .22 a máa ṣa ọta yàn. Oríṣi ọta tí wọ́n ń pè ní CCI Mini-Mag, tí ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,235 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ nílò ọta tí ó ní agbára láti ti irin náà sẹ́yìn. Bí o bá ń ki mágásíìnì, rí i pé etí ọta tí ó wà lókè wà níwájú etí ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá bọ́ sẹ́yìn, wọn yóò há mọ́ra wọn.

Má ṣe máa fa tírígà ìbọn .22 lásán láìsí nǹkan nínú rẹ̀, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé kò léwu. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́rẹ́ yóò lọ máa gbá etí ihò ọta títí yóò fi jẹ ẹ́. Ike kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn káfíńtà fi ń gba ìṣó mọ́ra nínú ògiri wọ inú ihò yẹn rẹ́gí, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò ọta.

Jọ̀wọ́, máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí o tó jẹun tàbí kí o tó gbé ọmọ. Òjé ni ọta .22, èéfín rẹ̀ pẹ̀lú ní òjé nínú, òjé sì burú púpọ̀ fún ọmọdé.

Agbẹjọ́rò Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e wá. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti ọdún 1959, kò wo bí ọta ti kéré tó. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ ni ó kà sí ohun èèwọ̀, ó kó wọn sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú bọ́ǹbù, kò sì sí ẹni tí ó lè fún ènìyàn ní àṣẹ láti ní i bí kò ṣe Ààrẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni ó wà fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Ìbọn tí ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun ìṣeré ni, náà nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá.

Ọta pẹ̀lú kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé yín wálé. Ẹ má ṣe fi báàgì tí ẹ ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn rìnrìn àjò rárá. Ọta .22 kò ju èékánná ìka kékeré lọ ní fífẹ̀, ó lè fara pamọ́ sábẹ́ rírán àpò, kó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ayẹ̀ruwò ní Ìkẹjà ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ Sùúrùlérè:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Báàgì yẹn gan-an ni mo sábà máa ń gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú, n ó pààrọ̀ rẹ̀. Glock 44 ni n ó rà. Bàbá, bí mo bá wá rí Mark IV àlòkù tí owó rẹ̀ dára lẹ́yìn náà, ṣé kò léwu?

Bàbá Yaba:

Béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tí wọ́n ṣe kí oṣù Kẹfà ọdún 2017 tó wọlé ní àbùkù kan: bí séfútì (ohun tí a fi ń ti ìbọn kí ó má baà dún) bá wà ní agbede méjì, tí ènìyàn sì fa tírígà, ìbọn lè má dún nígbà náà, kó wá dún nígbà tí a bá ti séfútì sí ibi ìyìn. Ilé-iṣẹ́ náà kéde rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Gba nọ́mbà ara ìbọn náà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú òpó Ruger kí o tó sanwó, kí o sì jẹ́ kí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ ni ẹ ti ṣe é, kódà bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ló ń tà á.