“Dídè” nìkan kọ́: lórí bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀

Ẹ̀yin ará,

Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí á kọ “dídè bíárìn ẹsẹ̀ iwájú” sínú àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí á sì túmọ̀ rẹ̀ sí “yíyí nọ́ọ̀tì bíárìn sí ọ̀tún títí yóò fi le”. Mo fara mọ́ “bíárìn” (irin róbótó inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń jẹ́ kí táyà lè yí) àti “ẹsẹ̀ iwájú” (ibi tí táyà iwájú wà), nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. “Dídè” ni n kò lè gbà, ìtumọ̀ tí ó sì tẹ̀ lé e léwu fún ẹni tó bá fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, ṣe àpẹẹrẹ. Bí mẹkáníìkì bá ti fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè, tí ó sì ti yọ ìdérí gírísì, yóò máa fi ọwọ́ kan yí táyà, yóò máa fi èkejì de nọ́ọ̀tì, kí bíárìn méjèèjì lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò tú nọ́ọ̀tì yẹn padà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lè fi ẹnu sìkúdíráfà ti wọ́ṣà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìlo agbára. Àyè tí ó ń wá kò ju mìlímítà 0.03 sí 0.12 lọ. Bí kò bá fi í sílẹ̀, bíárìn á gbóná, gírísì á yọ́, irin á máa jẹ irin. Bí ó bá sì pọ̀ jù, táyà á máa mì. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé títú ló ṣòro jù nínú rẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ pè é ní “dídè”?

“Sí ọ̀tún” tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹsẹ̀ òsì Ìjàpá, òdìkejì ni wọ́n la eyín nọ́ọ̀tì sí. Òsì ni a ń yí i sí kí ó tó le.

Ẹnìkan dábàá “títún bíárìn ṣe”. Ohun tó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe, bíárìn tuntun pàápàá sì nílò iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi sí i. Ẹlòmíràn ní àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ń wí pé “dè é”. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́ kì í dákẹ́ síbẹ̀: “dè é, má dè é pa” ni yóò wí.

Àbá tèmi ni “ìdèníwọ̀n bíárìn”, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ “dídè àti títú nọ́ọ̀tì bíárìn títí yóò fi ku ìwọ̀n àyè tó yẹ kí táyà fi yí wọ́ọ́rọ́wọ́”. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ni wọ́n ti di bíárìn wọn pa láti ilé iṣẹ́, tó jẹ́ pé pípààrọ̀ ni tiwọn bí wọ́n bá ti ń pariwo. Kí á má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí pe ìyẹn.