Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ bátìrì yìí

Ìyá Bọ́lú: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò ọkọ mi ló ní kí n yéé náwó lórí àwọn tó ń roko, ló bá mú mi lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, a ra ẹ̀rọ ìgékoríko oníbátìrì. Kò gba rìsíìtì, kò dá ṣéńjì mi padà. Oṣù márùn-ún péré, ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dákú. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní èmi ni mi ò mọ ẹ̀rọ lò. Èmi tí mo ti ń pọn pọ́ńpù sẹ́yìn fín kòkó kí wọ́n tó bí i! Koríko ti dé ojú fèrèsé, mo rí ejò lánàá. Ṣé kí n fi ọlọ́pàá mú un ni?

Bàbá Ìdànrè: Ejò wo ni? Lọ́dún ìjelòó, ọká ló ká jọ sínú bàtà òjò mi, díẹ̀ ló kù kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Túndé Rẹwáyà: Mọ́mì, fólítì mélòó ni wọ́n kọ sí bátìrì yẹn? Ṣájà wo lẹ fi ń ṣájì í?

Ìyá Bọ́lú: 21V. Mò ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n bá ti muná wá, ó di àárọ̀ kí n tó yọ ọ́.

Sísí Fìlà: Ẹ gbé e sí fíríìsà mọ́jú. Ti fóònù mi jí.

Túndé Rẹwáyà: Fíríìsà kẹ̀? Kí omi wọnú ẹ̀? Lítíọ́ọ̀mù ni, irú bátìrì tó wà nínú fóònù. Márùn-ún ló tò sínú ẹ̀ bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá 4.2V, òun ló di 21V. Tẹ́ ẹ bá gékoríko tán, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fi sójú iná. Tó bá kún, ẹ yọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ ẹ ò ní lò ó, ìdajì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé.

Bàbá Ìdànrè: Ìdajì? Wọ́n ní kí n ṣájì ti pọ́ńpù mi kún bámúbámú kí n tó gbé e pamọ́.

Túndé Rẹwáyà: Tiyín, bátìrì òjé ni, Bàbá, 12V. Òjé ò fẹ́ kí ebi pa òun rárá. Lítíọ́ọ̀mù ò fẹ́ àyójù, kò sì fẹ́ kí ebi pa òun kú.

Bàbá Ìdànrè: Èyí tó kú lọ́wọ́ mi, mo fọ́ ọ, mo yọ́ òjé inú ẹ̀ fi rọ ọta.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó: Bàbá! Nínú ilé tọ́mọ wà? Èéfín òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá góòlù pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara. Odidi ni kẹ́ ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù, ẹ má da ásíìdì ẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Ìdànrè: Bàbá mi rọ ọta títí ó fi pé ọgọ́rin ọdún.

Ìyá Bọ́lú: Ẹ fi ọta sílẹ̀. Ṣájà tó bá ẹ̀rọ wá ti jóná látoṣù kejì. Ti pọ́ńpù ni mò ń lò, ẹnu ẹ̀ wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Túndé Rẹwáyà: Háà! Ṣájà yẹn ò lè ju 14V àti díẹ̀ lọ, bátìrì 21V ò lè yó lára ẹ̀ láé. Ẹni tó tà á ò purọ́ o. Ẹ wá ṣájà 21V ti lítíọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í nígbà àkọ́kọ́.

Ìyá Bọ́lú: Ẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn. Bátìrì méjì ló bá ẹ̀rọ wá. Èkejì tó jábọ́ lórí mi lọ́nà oko ńkọ́? Ike ẹ̀ ti wú, ó ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń nu èékánná. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bọ́lú, mo fẹ́ gbé e lọ fi hàn án lọ́jà.

Túndé Rẹwáyà: Ẹ dìde báyìí! Tó bá ń rú èéfín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́mọ jáde, ẹ pe 112. Tí kò bá rú èéfín, ẹ fi korobá onírin gbé e jáde, ẹ da yanrìn gbígbẹ bò ó, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ má gún un, ẹ má ṣájì í mọ́. Ẹ má jù ú sáàtàn, tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, á gbiná. Lọ́la, ẹ bi ẹni tó tà á bóyá ó ń gbà á padà. Ẹ má fún àwọn ọmọ tó ń ra irin àlòkù.

Ìyá Bọ́lú: Mo ti gbé e jáde. Yanrìn tá a fẹ́ fi rẹ́ ilé ni mo dà bò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bọ́lú ń bi mí ìdí tí mo fi jí òun.

Bàbá Ìdànrè: Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání níta níbẹ̀ o. Ejò.