"Die Reise" ni wọ́n kọ́ wa, kí ló dé tí fọ́ọ̀mù físà fi kọ "der Reise"?

Aránṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Jámánì. Aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàǹdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọkọ mi wà ní Jámánì, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí A1, ìpele àkọ́kọ́ èdè Jámánì, kí n tó lè lọ bá a. Bí mo bá ti kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ lálẹ́, orí ẹ̀rọ náà ni mò ń tẹ́ ìwé sí.

Ọ̀rọ̀ tó ń dà mí láàmú rèé. Olùkọ́ wa ní die Reise ni ìrìnàjò, abo ni. Ó dáa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, kí ojú mi lè máa bá a pàdé. Ìgbà tí mo wá wo fọ́ọ̀mù físà, "Zweck der Reise" ni mo rí. Nínú ìwé tí a ń kà náà, "auf der Reise". Der kẹ̀? Ṣebí ti akọ ni der? Àbí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe abo nílé, ó ń ṣe akọ lóde ni?

Èkejì: wọ́n á ní Reise lónìí, wọ́n á ní Fahrt lọ́la. Bí mo bá ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu, èwo ni kí n pè é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àtẹ gígùn wá. Àtẹ tó wà lọ́wọ́ mi ti tó dá ilé.

Olùkọ́ Àná (Kétu)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. CEG, ilé-ìwé girama, ni mo ti fi èdè Jámánì kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n ní kíláàsì.

Reise kò di akọ níbì kankan. Abo ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ń yí padà ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn, die tàbí der tó ṣáájú rẹ̀ ló sì ń sọ iṣẹ́ náà fún wa. Die Reise ist lang: ìrìnàjò náà jìn, òun ni olùwà. Ich mache eine Reise: àbọ̀ ni níbí, ìyẹn Akkusativ, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà, torí abo kì í yí padà ní Akkusativ. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sí Dativ, ìrísí tó ń tẹ̀lé vor, nach àti auf níbí, die á di der. Vor der Reise, kí a tó gbéra. Nach der Reise, lẹ́yìn tí a ti dé. Auf der Reise, nígbà tí a wà lẹ́nu ìrìn. (Tó bá jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni, auf á gba Akkusativ: wir machen uns auf die Reise. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́ báyìí.) Ní Genitiv náà, tó ń sọ ohun tó ni nǹkan, der ni: Zweck der Reise, ìdí ìrìnàjò. Der tí o rí nínú fọ́ọ̀mù yẹn, der ti abo gan-an ni. Ká ní akọ ni, des ni wọn ì bá kọ, bíi Zweck des Besuchs, ìdí àbẹ̀wò.

Tó bá di púpọ̀, fi n kún un: die Reisen. Ó parí.

Ibi tí wàhálà wà gan-an fún àwa tí a jáde nílé-ìwé Faransé kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Yorùbá kò ya ọ̀rọ̀ orúkọ sí akọ àti abo. "Ó" ni a ń pe bàbá, "ó" ni a ń pe ìyá, "ó" ni a ń pe àga. Faransé ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní ti akọ àti abo, a sì wá ń wọ́ tirẹ̀ bọ inú Jámánì. Le voyage, akọ. Die Reise, abo. La gare, abo. Der Bahnhof, akọ. La valise, abo. Der Koffer, akọ. Ọmọ tó bá fi "der Reise" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nínú ìwé ìdánwò, mo ti mọ̀ pé voyage ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí o bá kọ Faransé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára pátákó yẹn, pa á rẹ́. Kọ die Reise, die Reisen, kí o sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá parí sí e, abo ni: die Tasche, die Straße. Kì í ṣe gbogbo wọn, der Name àti das Ende kò sí lára wọn (das ni ti èyí tí kò ṣakọ kò ṣabo). Bí wọ́n bá sì so Reise mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń pàṣẹ, bí agbo ilé tí bàálé ń gbé yàrá ìkẹyìn: der Reisepass nítorí der Pass, das Reisebüro nítorí das Büro, die Reisetasche nítorí die Tasche.

Ọmọ Ṣábẹ ní Köln

Bàbá ti parí ti gírámà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìgboro kún un, Tàǹtí.

Fahrt ni ìrìn inú ọkọ̀: mọ́tò, bọ́ọ̀sì, rélùwéè. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lọ ra aṣọ, Fahrt ni. Àlọ rẹ̀ ni Hinfahrt, àbọ̀ rẹ̀ ni Rückfahrt; ẹ máa rí méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè níbí. Reise fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ di ẹrù, ẹ lọ sùn sílùú onílùú, gbogbo rẹ̀ láti ìgbéra títí dé ìpadàbọ̀ ni Reise. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀, láti Àjàṣẹ́ dé pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnu, Fahrt nìyẹn. Òkè òfurufú, Flug. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Frankfurt, ẹ wọ rélùwéè, Fahrt mìíràn. Síbẹ̀ Reise kan ṣoṣo lẹ rìn. Nígbà tí rélùwéè Kútọnu sí Parakou ṣì ń gbé èrò gba Ṣábẹ, ìyá mi ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú iṣu. Zugfahrt ni wọn ì bá pe ìyẹn níbí, bó ti wù kó pẹ́ lọ́nà tó.

Ẹ ṣọ́ s àárín yẹn o. Z ni wọ́n ń pè é, z inú zémi, ọ̀kadà wa. E tó wà lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó jáde díẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní s tí ẹ sì gbé e mì, der Reis lẹ sọ, ìrẹsì. "Ich mache Reis." Onítọ̀hún á bi yín pé ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ń kí èèyàn: Gute Reise! Gute Fahrt! Ṣùgbọ́n Guten Flug!, nítorí akọ ni Flug. "Ich wünsche dir" (mo fẹ́ fún ọ) ló fara pamọ́ síwájú ìkíni náà, òun ló fà á tó fi gba Akkusativ.

Olùkọ́ Àná (Kétu)

Òótọ́ lo sọ, àbúrò, àmọ́ má tì í pa. Àwọn èèyàn wa tó ń ti Kétu lọ sí Mẹ́kà, ọ̀nà jìn, wọ́n sùn síbẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ Pilgerfahrt ni àwọn Jámánì sábà máa ń pè é. Láyé àtijọ́, fahren kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan, ìrìn èyíkéyìí ni. Ibẹ̀ ló kù sí.

Aránṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Köln, ẹ ṣé. Ti ìrẹsì yẹn, mo ti rẹ́rìn-ín débi tí oníbàárà mi fi ń bi mí pé kí ló dé. Z kò ṣòro fún wa ní Àjàṣẹ́, ṣebí àwọn tó ń sọ èdè Gùn ló yí wa ká.

Ó ku ìbéèrè méjì. Ìdánwò máa ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi, hobby wà níbẹ̀. "Mein Hobby ist Reisen": ṣé púpọ̀ Reise nìyẹn? Èkejì, ṣé "ich habe gereist" ni àbí "ich bin gereist"?

Olùkọ́ Àná (Kétu)

Kì í ṣe púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe reisen ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ, bí àwa ṣe ń sọ rìn di rírìn. Das Reisen ni, kò ṣakọ kò ṣabo, kò sì ní púpọ̀. R ńlá ni kí o fi kọ ọ́ bí ti Reise.

Bin ni. Ìrìn láti ibì kan dé ibòmíràn, sein ló ń gbà, òun ló ń di bin lẹ́yìn ich: ich bin nach Ketu gereist. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ich habe eine Reise gemacht, haben (tó ń di habe) ni, torí machen ni ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀, kì í ṣe reisen.

Aránṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ó yé mi yéké. Koffer tí ẹ dárúkọ lókè ńkọ́, Bàbá, kí ni púpọ̀ rẹ̀?

Olùkọ́ Àná (Kétu)

Die Koffer. Kò fi ohunkóhun kún un. Ṣùgbọ́n lọ bi í lábẹ́ àkọlé tirẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá Koffer lè rí i.