Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀: "ìrùlà" ni mo dìbò fún

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Òṣogbo. Àǹtí nọ́ọ̀sì wa tó ń kọ ìwé ìlanilọ́yẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún àwọn ará Òkè-Fíà dábàá "ìwòsàn ọdún márùn-ún" fún ìdá àwọn tó ṣì wà láàyè ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó pe iṣẹ́ abẹ náà ní "gígé ẹ̀dọ̀", ó sì pe fífi ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn rọ́pò ní "ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀". Àǹtí, ẹ kú làálàá.

Ti àkọ́kọ́ ni mi ò lè fara mọ́. Jẹjẹrẹ yìí máa ń padà lára èyí tó ju ìdajì àwọn tí wọ́n gé e fún láàárín ọdún márùn-ún, torí ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ́ kù, tí àrùn mẹ́dọ̀wú B tàbí ọtí ti sọ di líle, ṣì lè hu òmíràn. Bí a bá pe ìyẹn ní ìwòsàn, ta ni yóò tún yọjú fún àyẹ̀wò? Ẹnìkan ní ká lo "ìwọ̀n ìyè". Ó dùn létí o, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀: "iwon iye" á kàn di ọ̀rọ̀ owó. Bẹ́ẹ̀, bí àìsàn bá dá èèyàn wó tí kò pa á, a ti ń sọ tipẹ́ pé ó rù ú là. Ìrùlà ni kó jẹ́, kí iye ọdún sì máa tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Nínú ìwádìí kan tó ti ìlú Milan ní Ítálì jáde ní 1996, àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀dọ̀ tuntun nígbà tí kókó jẹjẹrẹ wọn jẹ́ ẹyọ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí méjì sí mẹ́ta tí ìkọ̀ọ̀kan ò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìdá 75 nínú 100 wọn ló rù ú là. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kà á níbẹ̀, kì í ṣe márùn-ún.

"Gígé ẹ̀dọ̀" ń já èèyàn láyà, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀. "Gígé jẹjẹrẹ kúrò lẹ́dọ̀" gùn, àmọ́ ó sàn. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé èèyàn á ṣi ẹ̀dọ̀ gbọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, alápatà wo ní Ọjà Ọba ló máa gbé fùkù fún ẹni tó ní kí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ fóun?

Ìpààrọ̀ kò burú. A sáà ń pààrọ̀ táyà. Àmọ́ táyà kì í hu. Bí alààyè bá yọ̀ǹda lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tó kù sí i lára á tún dàgbà, èyí tó fi tọrẹ náà á dàgbà lára ẹni tó gbà á. Àgbẹ̀ tó ń lọ́ ata mọ irú rẹ̀. Mo dábàá "ìlọ́ ẹ̀dọ̀".

Ìtọ́jú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná ṣe láìla ikùn wá ńkọ́? Mi ò rí i nínú ìwé Àǹtí. "Jíjó kókó" tó lójú tèmi.