Ṣé mo ṣì lè túmọ̀ àpilẹ̀kọ tí mo fún jọ́nà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, ti gba àpilẹ̀kọ mi lórí àrùn ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan pé mo ti gbé gbogbo ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) lé wọn lọ́wọ́. Ó wù mí gidigidi láti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kí n wọ oko wọn. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?

Èsì: Ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá gbé ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ pátápátá, ẹ ó ní láti tọrọ àyè kí ẹ tó lè túmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ara yín, nítorí pé ìtumọ̀ wà lára ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́. Ẹ bi olóòtú bóyá wọ́n ń lo ìwé àṣẹ Creative Commons, tí òǹkọ̀wé fi ń gba gbogbo ènìyàn láyè láti lo iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2002. Lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní CC BY, ẹnikẹ́ni lè pín in, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kódà kí ó tà á, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ yín.

Èsì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó ní ND (NoDerivatives, ìyẹn “má ṣe àyípadà”) lára, nítorí kò gba àwọn ẹlòmíràn láyè láti pín ìtumọ̀ tí wọ́n bá ṣe. Bí ẹ bá sì ti fún ayé ní àṣẹ Creative Commons èyíkéyìí, ẹ kò lè gbà á padà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ̀wé sí olóòtú pé CC BY ni mo fẹ́.