Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti folic acid 5 mg: ṣé ká kọ́kọ́ yẹ fítámì B12 wò?

Ẹ̀yin dókítà àti apòògùn, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ṣe pàtàkì. Aláìsàn kan ní ọ̀rá lẹ́dọ̀, ó ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, folate rẹ̀ (fítámì B9; folic acid ni irú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oògùn) sì lọ sílẹ̀. Bí folate ò bá tó, ẹ̀dọ̀ lè má rí èròjà tó fi ń di ọ̀rá ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá á wá jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kóró folic acid kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà káàkiri, 5 mg ni, bí 0.4 mg sì ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Metformin náà lè fa B12 wálẹ̀. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé, bí B12 ò bá tó, folic acid púpọ̀ lè tún àìtó ẹ̀jẹ̀ tó fà ṣe, kí iṣan ìmọ̀lára ṣì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ máa ń yẹ B12 wò ṣáájú? Àbí àyẹ̀wò folate inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká tún ṣe, torí oúnjẹ tí èèyàn jẹ láìpẹ́ ni folate inú omi ẹ̀jẹ̀ ń fi hàn?